Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ta ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú wà gan-an?

OmoSagamu_Gidi

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n là mí lọ́yẹ̀. Iyàn ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa kan nídìí fọganáísà ní Mákun, ẹnì kan ní alága ẹgbẹ́ Republican ló fa tíkẹ́ẹ̀tì lé Trump lọ́wọ́ ní 2016 bí àwọn alága tiwa ṣe máa ń ṣe é, èmi ní rárá, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí gbogbo wa la rí i nígbà yẹn pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọ̀hún ò fẹ́ rí Trump sójú, Mitt Romney tó gbé àpótí fún wọn ní 2012 bọ́ síta gbangba ní oṣù kẹta 2016, ó ní oníjìbìtì ni ọkùnrin náà, síbẹ̀ Trump náà ló gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn àgbà ló wà, kí ló dé tí wọn ò gbé e fún ẹlòmíì? Ni wọ́n bá ní kí n wá sọ ẹni tó gbé e fún un, ẹnu mi wọhò.

Ohun tó tún wá dá kún un ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n màámi tó wà ní Houston sọ fún mi pé òun dá sí ìdìbò abẹ́lé àwọn Democrat. Mo ní o ti di mẹ́ḿbà nìyẹn, ó ní rárá o, òun ò ní káàdì ẹgbẹ́, òun ò san owó oṣù, òun ò tiẹ̀ mọ ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Báwo lẹni tí kì í ṣe mẹ́ḿbà ṣe máa wá bá wọn yan ẹni tó máa díje?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé èmi ní káàdì ẹgbẹ́ tèmi níbí, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n ní ká wá dìbò abẹ́lé fún kánsẹ́lọ̀, a tò sórí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti àárọ̀, ìyá àgbàlagbà kan gun ọ̀kadà wá láti abúlé, ó fi gèlè ẹ̀ bo orí torí oòrùn, kò sì kúrò lórí ìlà. Nígbà tó ń lọ sí aago mẹ́ta jíìpù kan dé, ọ̀gbẹ́ni kan sọ̀kalẹ̀, ó yọ bébà lápò, ó ka orúkọ kan, ó ní àwọn aṣáájú ti fẹnu kò, ká pàtẹ́wọ́. Káàdì mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò ní káàdì dìbò ní Houston, èmi tí mo ní káàdì ò rí ìbò dì ní Ṣágámù.

Torí náà mo fẹ́ mọ̀, ta ló ni ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún? Báwo ni wọ́n ṣe tò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ méjì péré là ń gbọ́?

OdeRemo_Maryland

Àbúrò, o kú iyàn o. Ọmọ Òde Rẹ́mọ ni mí, Maryland ni mò ń gbé, mo ti gba ìwé ọmọ ìlú níbí, mo sì ń dìbò. Ìwọ lo jàre níbi iyàn yẹn. Alága Republican nígbà náà, Reince Priebus, kò lágbára láti fún ẹnikẹ́ni ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn olùdìbò ló gbé e fún Trump, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíì láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹfà. Bó ṣe ń lọ ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye aṣojú tó máa rán lọ síbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́, ìbò tí àwọn èèyàn bá sì dì nílé ló ń pinnu ẹni táwọn aṣojú yẹn máa dìbò fún tí wọ́n bá débẹ̀. Lọ́dún yẹn aṣojú 2,472 ni Republican ní, ẹni tó bá kó 1,237 ló ni tíkẹ́ẹ̀tì. Olùdíje tó lórúkọ tó mẹ́tàdínlógún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, gómìnà wà níbẹ̀, sẹnetọ̀ wà níbẹ̀, Jeb Bush tí bàbá ẹ̀ ṣe ààrẹ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ṣe ààrẹ wà níbẹ̀, Trump tí kò di ipò ìjọba kankan mú rí ló kó iye yẹn pé kí wọ́n tó dé Cleveland fún ìpàdé ní oṣù keje. Iṣẹ́ alága ò ju kó wá owó, kó ṣètò ìpàdé, kó sì rí i pé wọ́n tẹ̀ lé ìlànà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ḿbà ló máa ń ya àwa tá a ti ilé wá lẹ́nu jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ̀ pé ìwé orúkọ wà, gíwá wà, owó ẹgbẹ́ wà, aṣọ Ojúde Ọba wà, ẹni tó bá sì ń sá fún ìpàdé wọ́n á béèrè ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà ò ní ìkankan nínú ìyẹn. Ní Texas tí ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá ẹ wà, téèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọn ò ní bi í pé ẹgbẹ́ wo ló wà. Lọ́jọ́ ìdìbò abẹ́lé ló máa sọ pé ti Democrat lòun fẹ́ dá sí tàbí ti Republican, wọ́n á fún un ní bébà ẹ̀, ó parí. Ohun tí òfin kàn sọ ni pé tó bá ti mú ti ẹgbẹ́ kan, kò gbọ́dọ̀ lọ dá sí àtúndì ìbò ti ẹgbẹ́ kejì lọ́dún yẹn.

Ní Maryland níbí ó yàtọ̀ díẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ máa béèrè ẹgbẹ́, èèyàn á fàmì sí ọ̀kan tàbí kó kọ pé òun ò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe. Ẹni tó bá kọ pé òun ò bá wọn ṣe, wọn ò ní jẹ́ kó dá sí ìdìbò abẹ́lé fún ààrẹ tàbí gómìnà. New York rí bẹ́ẹ̀, Florida àti Pennsylvania náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kó o ṣàkíyèsí gan-an nìyí: ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń tọ́jú ìwé orúkọ yẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́. Níbi tó pọ̀ jù, ìjọba náà ló ń ṣètò ìdìbò abẹ́lé fúnra ẹ̀, ibùdó ìdìbò kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà tá a máa fi dìbò gbogbogbòò, èsì ẹ̀ sì ní agbára òfin. Kò sí alága tó lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kó wá ka orúkọ míì.

Bí wọ́n ṣe tò ó: ìsàlẹ̀ pátápátá ni àdúgbò ìdìbò, tó jọ wọ́ọ̀dù tàbí kó kéré jù ú lọ, òkè ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ káúńtì (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), òkè ìyẹn ni ti ìpínlẹ̀, kó tó wá kan ti àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Democrat ti wà láti 1848. Ti Republican jẹ́ èèyàn 168, mẹ́ta mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ àádọ́ta àti Washington DC àti àwọn ilẹ̀ márùn-ún míì tó wà lábẹ́ wọn. Àmọ́ má rò pé tòkè ló ń pàṣẹ fún tìsàlẹ̀, kálukú ló ní òfin ẹ̀ àti àpò owó ẹ̀. Kódà àwọn aṣòfin wọn náà ní ìgbìmọ̀ ìpolongo tiwọn lọ́tọ̀, ọ̀kan fún ilé aṣojú-ṣòfin, ọ̀kan fún ilé aṣòfin àgbà, alága ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀gá wọn.

Ibi tí agbára wà táwọn èèyàn wa níbí ò kà sí ni ìgbìmọ̀ káúńtì yẹn. Lórí bébà ìdìbò abẹ́lé lọ́dún tá a bá ń yan gómìnà, lẹ́yìn tó o bá ti dìbò fún gómìnà, sẹnetọ̀ àti gbogbo àwọn ńlá, wàá rí orúkọ àwọn tó ń díje fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní káúńtì nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ tí aṣòfin ìpínlẹ̀ Maryland kan bá kú tàbí tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ìgbìmọ̀ káúńtì ti ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa fi orúkọ ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gómìnà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn èèyàn mélòó kan tó jókòó yí tábìlì ká nínú gbọ̀ngàn kan lálẹ́ ló ń yan aṣòfin yẹn o. Mo ti jókòó lẹ́yìn nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àga òfìfo pọ̀, omi inú ike àti bisikíìtì ló wà lórí tábìlì, obìnrin kan ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lo wá ṣe. Ó máa ń dùn mí pé àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ tó báyìí ní Maryland, a kì í débẹ̀.

Tisa_Agba_Ijebu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti ètò ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Òde Rẹ́mọ sọ yìí múná dóko, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé òfin tí Amẹ́ríkà kọ ní 1787, ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀. George Washington tilẹ̀ kìlọ̀ fún wọn nípa ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére tó kọ ní 1796, àmọ́ ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Hamilton àti Jefferson tí wọ́n jọ ń bá a ṣiṣẹ́, ìjà yẹn ló di ẹgbẹ́ méjì. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn aṣòfin ló ń pàdé láàárín ara wọn tí wọ́n ń mú ẹni tó máa díje fún ààrẹ. Nígbà tó di 1831 ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn Mason, ìyẹn ẹgbẹ́ awo kan, jà ṣe ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Baltimore, àwọn Democrat ti Andrew Jackson ṣe tiwọn ní ìlú yẹn náà ní 1832, ó sì di àṣà. Republican dé ní 1854 nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú, wọn ò fẹ́ kí àṣà fífi èèyàn ṣe ẹrú ràn dé àwọn ilẹ̀ tuntun, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà Abraham Lincoln wọlé lórúkọ ẹgbẹ́ wọn.

Ìpàdé àpapọ̀ yẹn gan-an ló wá bí bàbá ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ibi tó jọ tiwa nìyí. Ní New York, ilé ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Tammany Hall. Tí ará Ireland bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láìmọ ẹnì kankan, èèyàn Tammany ló máa bá a wá iṣẹ́, tó máa gbé èédú wá nígbà òtútù, tó máa bá a dé kóòtù tí ọmọ ẹ̀ bá jà. Ohun tí wọ́n á gbà padà ni ìbò ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó burú látòkè délẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ aláìní rí ìrànlọ́wọ́ gbà níbi tí ìjọba ò ti dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n William Tweed tó jẹ́ ọ̀gá wọn kó owó ìlú débi pé ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1878. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá bíi tiẹ̀ ló ń dúnàádúrà níbi ìpàdé àpapọ̀. Ní 1924 àwọn Democrat dìbò ní New York lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún kí wọ́n tó rí ẹni mú, nígbà tí wọ́n sì máa mú un, John W. Davis ni, ó fìdí rẹmi nígbẹ̀yìn.

Kò ṣàdédé tún ṣe o, ìjà ni wọ́n jà sí i. Òfin 1883 ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò gbani síṣẹ́ ìjọba, ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í já oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Robert La Follette tó ṣe gómìnà Wisconsin jà títí wọ́n fi ṣe òfin ní 1903 pé aráàlú fúnra wọn ni kó máa dìbò abẹ́lé. Síbẹ̀ fún ipò ààrẹ, àwọn àgbà ṣì di ọ̀kọ̀ mú. Ó di 1968. Ogun Vietnam ń jó, àwọn ọ̀dọ́ ń dìbò abẹ́lé fún àwọn tó ní kógun tán, Robert Kennedy tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, wọ́n yìnbọn pa á lóṣù kẹfà. Nígbà tí wọ́n dé Chicago, Hubert Humphrey tí kò díje nínú ìdìbò abẹ́lé kankan làwọn àgbà fún ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọlọ́pàá sì ń na àwọn ọ̀dọ́ ní ìgboro. Richard Daley tó jẹ́ olórí ìlú náà, òun náà ni alága ẹgbẹ́ ní káúńtì ọ̀hún, ipò méjèèjì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìtìjú yẹn àti bí wọ́n ṣe pàdánù lẹ́yìn ẹ̀ ló mú kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti tún òfin ẹgbẹ́ ṣe, láti 1972 ló ti wá di pé ìbò aráàlú ló ń yan àwọn aṣojú.

Ọmọ Ṣágámù, ẹni tó bá ọ jiyàn yẹn, ká ní kó tó di 1972 ló ń sọ ni, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Auntie_Iperu

Ẹ ṣeun sà, Bàbá Tíṣà. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ó sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ Ṣágámù gbọ́ apá kejì ẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York kí n tó padà sílé sí Ìpẹru, ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Òótọ́ ni pé ìbò ló ń yan olùdíje, àmọ́ mélòó ló ń jáde? Lóṣù kẹfà 2018, ní Queens àti Bronx, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Alexandria Ocasio-Cortez, fẹ̀yìn Joe Crowley gbálẹ̀, Crowley yìí ti wà nílé aṣòfin láti 1999, ó wà lára àwọn olórí Democrat níbẹ̀, òun náà ni olórí ẹgbẹ́ ní Queens. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé kékeré borí ńlá, inú èmi náà dùn. Ṣùgbọ́n àgbègbè tó ní èèyàn bíi 700,000, àwọn tó dìbò lọ́jọ́ yẹn ò pé 30,000. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn díẹ̀ yẹn ló yan aṣòfin, torí ní àgbègbè tí Democrat pọ̀ báyẹn, ẹni tó bá ti yege nínú ti abẹ́lé ti wọlé nìyẹn, ìdìbò oṣù kọkànlá ò ní yí nǹkan kan padà.

Ìyẹn ló sì ń jẹ́ káwọn aṣòfin wọn máa bẹ̀rù ìdìbò abẹ́lé ju ìdìbò gbogbogbòò lọ. Liz Cheney, ọmọ ẹni tó ṣe igbákejì ààrẹ, dìbò pé kí wọ́n yọ Trump ní 2021, nígbà tó di oṣù kẹjọ 2022 àwọn Republican ní Wyoming gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀, ìbò tí wọ́n fi borí ẹ̀ pọ̀ gan-an. Kì í ṣe alága ló ṣe é o, àwọn olùdìbò ni, àmọ́ àwọn tó kù rí i, ẹ̀rù bà wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá wá fi ti owó kún un. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Citizens United ní 2010, ilé iṣẹ́ àti olówó lè náwó bó ṣe wù wọ́n sórí ìpolówó, kìkì pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá olùdíje gbìmọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ò lè gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ lóòótọ́, olówó kan tó ò mọ̀ rí lè fi tẹlifíṣọ̀n bà ọ́ jẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ títí wàá fi fìdí rẹmi. Mo fara mọ́ ọn pé tiwọn sàn ju kéèyàn ka orúkọ nínú bébà lọ, mi ò kàn fẹ́ kí ẹ máa sọ ọ́ bíi pé kò ní àbùkù.

OmoSagamu_Gidi

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà mi, ọ̀rọ̀ ti ń yé mi báyìí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland, ti 2024 ńkọ́? Ṣebí àwọn èèyàn ti dìbò abẹ́lé fún Biden, kó tó di pé wọ́n gbé e sọ́wọ́ Kamala Harris láìsí ìdìbò abẹ́lé kankan. Ṣé àwọn àgbà ẹgbẹ́ kọ́ ló ṣe ìyẹn? Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí kí ló dé tó fi jẹ́ méjì péré.

OdeRemo_Maryland

Ìbéèrè gidi lo béèrè yẹn. Kò sí ẹni tó ní agbára òfin láti yọ Biden, ohun tó yẹ kó o mọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà rọ̀ ọ́, wọ́n fúngun mọ́ ọn, àwọn olówó ní àwọn ò ní dáwó mọ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n òun àti Trump lóṣù kẹfà, ṣùgbọ́n tó bá ní òun ò lọ, ibẹ̀ ló máa wà, àwọn aṣojú ẹ̀ ò ní kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù keje ló fúnra ẹ̀ sọ pé òun ò ṣe mọ́, ó sì ní Harris lòun fọwọ́ sí. Àwọn aṣojú tó kó wá di òmìnira, wọ́n dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, Harris ló kó o fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí wọ́n tó wá pàdé ní Chicago. Kò wu èmi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Mo dìbò abẹ́lé lọ́dún yẹn, mo sì rò pé ká ní Biden tètè sọ ọ́ ní 2023, àwọn olùdìbò ni ì bá yan ẹlòmíì, kì í ṣe àwọn aṣojú. Àǹtí mi ní Ìpẹru, ẹ̀yin lẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ iye àwọn tó ń jáde, mi ò ní bá yín jà á.

Lórí méjì péré: òfin ìdìbò ló fà á jù. Àgbègbè kan, aṣòfin kan, ẹni tó bá ní ìbò jù ló mú un, ẹni tó ṣe ìkejì ò rí nǹkan kan, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ṣe ìkẹta. Ní 1992 Ross Perot díje láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, ó rí ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ìbò 538 tí wọ́n pín fún àwọn ìpínlẹ̀, tí wọ́n fi ń yan ààrẹ gan-an kò rí ẹyọ kan, torí kò sí ìpínlẹ̀ tó ti ṣe ìkínní. Ní 2000 ìbò 537 ni George Bush fi gba Florida mọ́ Al Gore lọ́wọ́, Ralph Nader ti ẹgbẹ́ Green sì kó ìbò tó lé ní 97,000 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Democrat ò tíì dárí jì í títí dòní. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹni tó bá ní èrò tuntun máa wọnú ọ̀kan nínú méjèèjì kó lọ jà á nínú ibẹ̀, dípò kó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Ìdìbò abẹ́lé ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún wọn.

Ohun mìíràn ni pé aṣòfin wọn kì í bẹ̀rù olórí ẹgbẹ́ bíi tiwa. Oṣù kẹwàá 2023, aṣòfin Republican mẹ́jọ péré dara pọ̀ mọ́ àwọn Democrat, wọ́n yọ Kevin McCarthy tó jẹ́ olórí ilé, ọmọ ẹgbẹ́ wọn náà. Kò sẹ́ni tó lé wọn nínú ẹgbẹ́, torí kò sẹ́ni tó mú wọn wọ̀ ọ́.

Tisa_Agba_Ijebu

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ fi kún un, torí ọmọ wa ní Ṣágámù gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí tiwa fi rí bó ṣe rí. Lábẹ́ ìwé òfin wa ti 1999, èèyàn ò lè gbé àpótí láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Bernie Sanders ti Vermont àti Angus King ti Maine wà nílé aṣòfin àgbà lórúkọ ara wọn, wọ́n kàn ń bá àwọn Democrat jókòó ni. Níbí ẹgbẹ́ ló ni ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá sì di ẹnu ọ̀nà mú lè béèrè ohun tó bá wù ú. Ìwé òfin tún ní olú ilé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà l'Ábújá, kí ẹgbẹ́ má sì jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí agbègbè kan. Ẹ má dá àwọn tó kọ ọ́ lẹ́bi ní kíákíá. Action Group tí Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ dá sílẹ̀ ní 1951, ìwọ̀-oòrùn ló ti fìdí múlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní agbègbè tiwọn, a rí ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ láàárín 1962 sí 1966. Ẹ̀rù ìgbà yẹn ni wọ́n fi kọ òfin. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé òkè ló ń wo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ò lè wo òkè.

Òfin ìdìbò ti 2022, nígbà tí wọ́n ṣe é, gbà kí ẹgbẹ́ lo ọ̀nà mẹ́ta, kí gbogbo mẹ́ḿbà dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò. Àmọ́ lórí ìfẹnukò, òfin yẹn sọ pé gbogbo àwọn tó ń díje gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn fara mọ́ ọn, kí wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá kọ̀, kò sí ìfẹnukò, ìdìbò ni. Ọmọ mi, ọjọ́ tí wọ́n ka orúkọ yẹn lórí pápá, ìwé yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè pẹ̀lú sùúrù, kẹ́ ẹ pọ̀ tẹ́ ẹ máa bèèrè ẹ̀.

OmoSagamu_Gidi

Ha! Bàbá, ẹ ṣé é o. Kò sẹ́ni tó sọ ti ìwé yẹn fún wa. Àwọn méjì míì wà tí wọ́n ra fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà, mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, mi ò rò pé ó buwọ́ lu nǹkan kan. Màá wá a lọ.

Mama_Ayepe

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i bá ṣe. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ọmọ mi obìnrin wà ní Atlanta, ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní green card ló ní, kò tíì di ọmọ ìlú. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ń pè é sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní káúńtì wọn, ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ bóyá òun lè lọ.

OdeRemo_Maryland

Ẹ kú àdúrà, Mà. Ó lè lọ, kò sí òfin tó ní kó má lọ jókòó níbẹ̀, ó lè bá wọn kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, ó lè bá wọn tẹ fóònù, kódà torí pé ó ní ìwé ìgbélùú, ó lè dáwó fún olùdíje láti inú owó tara ẹ̀. Owó tí ẹ̀yin bá fi ránṣẹ́ láti Ayépé ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ o, òfin wọn ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wà lókèèrè tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí, Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè é lónìí: kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kò sì gbọ́dọ̀ dìbò, ì báà jẹ́ ti abẹ́lé. Tó bá lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọ́n lè bi í níbẹ̀ bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, rárá ni kó sọ, kó sì ka gbogbo bébà kó tó buwọ́ lù ú. Wọ́n ti torí ẹ̀ lé àwọn èèyàn kúrò nílùú, àwọn míì ò sì mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan. Tó bá di ọmọ ìlú, Georgia náà kì í béèrè ẹgbẹ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀, bíi ti Texas ló rí, ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé ló máa sọ èyí tó fẹ́.